Gálílì Wa Lórí Àpáta Láfún

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rà nígbà tí a dé Ìyànà Ọ̀fà ni búrẹ́dì, n kò sì mọ̀ pé búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ní Ṣábẹ̀ tí mo ti wá, ní ìhà Kútọnu lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ ọmọ, pẹ́n là ń pè é. Mo dúró níwájú obìnrin kan tó pàtẹ sẹ́bàá títì, mo ní kó ta pẹ́n kan fún mi. Ó na ọwọ́ sínú agolo kan, ó fa bírò kan yọ, ó nà án sí mi. Mo ní rárá, èyí tí a ń jẹ ni. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Obìnrin náà ní, "Àgànyìn ni yín, àbí?" Mo ní rárá o, Yorùbá ni mí. Ìyẹn gan-an ló wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ọkọ mi, Bàbá Bọ́sẹ̀, ló ti kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ àgbàṣe nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Lágelú kó tó padà wá mú mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, oyún Bọ́sẹ̀ wà nínú mi, n kò sì tíì lo ọ̀sẹ̀ kan rí níbi tí ìyá mi kò sí. Ẹnikẹ́ni kò lé mi kúrò nílé. Ọkọ mi ló bẹ̀ mí, èmi náà sì rò ó pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá kò lè jìnnà sílé.

Ó jìnnà. Ohùn wọn ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́tí sí ohùn mi ná kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn ọmọdé a máa sín mi jẹ lójú ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n ohun tó dà mí láàmú jù lọ, n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé: n kò rí òkè. Ní Ṣábẹ̀, àpáta ńláńlá ló jókòó ti ìlú. Bó o wà lóko, bó o wà lódò, o kàn máa gbójú sókè ni, o ti mọ apá ibi tí ilé rẹ wà. Ní abúlé tí a dé yìí, ẹ̀gẹ́ ni níwájú, ẹ̀gẹ́ ni lẹ́yìn, kòkó díẹ̀, ọ̀pẹ díẹ̀, ọ̀run sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí igbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣìnà láàárín oko sí ilé, tí mo jókòó sídìí ọ̀pẹ títí ọkọ mi fi wá mi kàn.

Ilé gàrí Ìyá Mùínà ni mo ti ríṣẹ́. Ìyá Mùínà jẹ́ obìnrin Mùsùlùmí kan tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń kó gàrí lọ sọ́jà Ṣáṣá àti Olódò. A ó bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, a ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Lẹ́yìn náà ni sísẹ́ àti yíyan. Agbada tí wọ́n fún mi ni èyí tó wà ní kọ̀rọ̀, níbi tí èéfín máa ń yí sí. Nígbà tí mo bímọ tán, mo pọn Bọ́sẹ̀, mo padà sídìí agbada náà. Mùínà, àbígbẹ̀yìn ọ̀gá mi, fi oṣù díẹ̀ ju ọmọ mi lọ. Orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ ìjókòó.

"Àgànyìn, iná yẹn ti pọ̀ jù," ni Ìyá Mùínà máa ń sọ. Kò fi bú mi. Ó kàn gbà pé ohun tí wọ́n ń pè mí nìyẹn.

Tẹlifóònù kò sí ní abúlé wa, kò sì sí nílé ìyá mi. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ fi lẹ́tà rán awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ṣábẹ̀, pé ní Sátidé báyìí, ní aago mẹ́wàá, kí ẹ̀gbọ́n mi mú ìyá wa wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí Sátidé náà bá pé, mà á wọkọ̀ lọ sí ìgboro Ìbàdàn, mà á jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó kù, títí wọn á fi pè mí sínú yàrá pákó kékeré kan. Ìyá mi gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ pariwo tó. Ìkíni ló sì ń jẹ gbogbo àkókò wa. Ó máa kí mi, ó máa kí ọkọ mi, ó máa kí ọmọ tí kò tíì rí, ó máa kí àwọn tí a jọ ń gbélé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn gbogbo ìkíni yẹn, ó bi mí léèrè ohun kan.

"Ṣé òkè wà níbẹ̀?"

"Rárá, Ìyá. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni."

Ó ní, "Kí lo wá ń wò tí o fi ń mọ ibi tí o wà?"

Tẹlifóònù já kí n tó dá a lóhùn. Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà sí Ìyànà Ọ̀fà, mo fi ìborùn bojú, bí ẹni pé eruku ló ń dà mí láàmú.

Àpáta kan sì ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn tí n kò mọ̀. Ẹ̀yìn oko Ìyá Mùínà ni, igbó díẹ̀ ló bò ó lójú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì tí mo lò níbẹ̀ ni Ìyá Mùínà ní kí n ru láfún lọ sá sórí rẹ̀. Kò ga bíi ti Ṣábẹ̀. Bí a bá to igi àràbà méjì léra, wọ́n á ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àpáta gidi ni, dúdú, gbígbóná lábẹ́ ẹsẹ̀, tí aláǹgbá ń sáré lórí rẹ̀. Mo tú láfún náà ká síbi tó tẹ́jú nísàlẹ̀, mo gun òkè lọ. Ní ṣóńṣó rẹ̀ mo rí páànù àwọn ilé Ìyànà Ọ̀fà, mo rí èéfín ilé gàrí wa, mo rí ọ̀nà tí a gbà wọ abúlé. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbé ibẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo wà. Mo jókòó, mo sunkún títí ewúrẹ́ fi débi láfún.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń bẹ Ìyá Mùínà pé kó jẹ́ kí n máa lọ sá láfún. Bọ́sẹ̀ mọ àpáta yẹn kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Mo kọ́ ọ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi: ibi tó bá dúdú tó ń dán, má tẹ̀ ẹ́, ibi tí koríko bá ti hù láàárín àpáta tó sán, ibẹ̀ ni kí o máa tọ̀, bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ̀rù bà ọ́, jókòó. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Mo máa ń rò ó nígbà náà pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò rí àpáta náà. Ibi tí a ń sá láfún ni lójú wọn. Bí nǹkan kan bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ lójoojúmọ́, o kì í wo ojú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wá nílé. Àwọn òyìnbó máa ń gbé kámẹ́rà wá sí Ṣábẹ̀ láti ya òkè wa, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ó di ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ìjọ Aládùúrà kan wà ní abúlé, a sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Nínú gbogbo ọdún, ọjọ́ kejì Àjíǹde ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ náà, tàgbà tèwe máa ń jáde lọ síbi tí omi tàbí òkè tàbí igbó bá wà, wọ́n á gbé oúnjẹ dání, wọ́n á ṣeré dìrọ̀lẹ́. Gálílì ni wọ́n ń pe ìrìn náà, nítorí pé Gálílì ni Jésù ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ti wá pàdé òun lẹ́yìn tó jíǹde. Bàbá Olùkọ́, tó ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń ṣètò rẹ̀. Lọ́dún kan, ọkọ̀ akẹ́rù kó wa lọ sí adágún Aṣejirè, ní ìhà Ẹgbẹ́dá. A jókòó lábẹ́ igi, a ń jẹ ìrẹsì àti ẹyin sísè, a ń wo àwọn apẹja tó ń ju àwọ̀n láti inú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Bọ́sẹ̀ bi mí pé ta ló pọn gbogbo omi yẹn síbẹ̀. Lọ́dún mìíràn, ọgbà ẹranko ní ìgboro la lọ. Kìnnìún ibẹ̀ sùn ní gbogbo ọ̀sán, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jí. Bí a bá ń padà, àwọn ọmọ á ti sùn lé ara wọn lórí, àwọn ìyá á máa kọrin jẹ́jẹ́, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wa lójú. N kì í rántí pé àlejò ni mí nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo máa ń rántí.

Ọdún tí Bọ́sẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, epo bẹntiróòlù wọ́n gan-an. Aṣejirè la tún fẹ́ lọ. Láti aago méje la ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà nínú sùtánà funfun, àmùrè nídìí wọn, láìwọ bàtà bí ìlànà ìjọ wa, àwọn ọmọdé nínú aṣọ àti bàtà tuntun. Ìyá Mùínà fi Mùínà sí wa lọ́wọ́ bó ti máa ń ṣe, nítorí àwa náà máa ń lọ jẹun nílé rẹ̀ nígbà Iléyá. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, awakọ̀ ránṣẹ́ pé òun kò rí epo rà. Ọmọ kan bú sẹ́kún, ni àwọn yòókù bá gbà á.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ni Bàbá Olùkọ́ wí. Ojú òun náà ti rẹ̀wẹ̀sì. "Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, Ọlọ́run á ṣọ̀nà."

N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ wọn. Ohùn mi ń tì mí lójú. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ ń wò mí, mo sì mọ ohun tó ń rò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Olùkọ́," mo ní, "àpáta kan wà lẹ́yìn oko Ìyá Mùínà. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn débẹ̀."

Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ àgbà gbogbo àwa obìnrin, ló dá mi lóhùn. "Àpáta láfún? Kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ gùn ún dókè ná, Ìyá. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, kí ẹ bá mi wí."

Bàbá Olùkọ́ wo ojú àwọn ọmọ. "Òkè ni Olúwa ti pàdé wọn ní Gálílì gan-an," ó ní. "Ó yá, ká lọ."

Èmi ni mo ṣáájú. Mo gba ẹ̀yìn àpáta, níbi tó ti dẹ̀, kó lè rọrùn fún àwọn àgbà. Àwọn ọmọ bọ́ bàtà kúrò, wọ́n ń sáré lé aláǹgbá. Wọ́n rí àwọn ihò tí omi ti dúró lórí àpáta, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́n ọn síra wọn. Nígbà tí àwọn lékelèke fò kọjá, gbogbo wọn na èékánná sókè sí wọn. A tẹ́ ẹní, a pín mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ìyá Ìjọ dúró ní ṣóńṣó, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wo abúlé.

"Ilé mi nìyẹn," ó ní. "Ó mà kéré o."

Ó pẹ́ kó tó jókòó. Nígbà tó jókòó, ó ní kí n wá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Nǹkan bí aago mẹ́ta ni ojú ọ̀run ṣú. Òjò àkọ́rọ̀ kì í kọ lẹ́tà kó tó dé. Atẹ́gùn kọ́kọ́ ká ẹní wa lọ, àrá sán, òjò sì dà sílẹ̀ bí ẹni tú ìkòkò. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n dorí kọ ọ̀nà tó sún mọ́ wọn, èyí tó kọjú sí oko. Ibẹ̀ ló ga, tó sì ń yọ̀ jù. Bàbá Olùkọ́ ló kọ́kọ́ yọ̀. Ó ṣubú, ó yí lọ díẹ̀, ó fi ọwọ́ di igi kékeré kan mú. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Àwọn ọmọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bọ̀.

Mo pariwo. N kò mọ̀ pé mo lè pariwo bẹ́ẹ̀. Ohùn ìyá mi ni. "Ẹ dúró. Ẹ má gba ibẹ̀. Gbogbo yín, ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Títí dòní ó ń yà mí lẹ́nu. Wòlíì wà níbẹ̀, àwọn alàgbà ìjọ wà níbẹ̀, gbogbo wọn jókòó sínú òjò, wọ́n ń wò mí.

Mo mọ ibi tí koríko ti hù láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọmọdé kò sì rí nǹkan dìmú. Mo tú ọ̀já tí mo fi gbàjá. Mo ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ tú tiwọn. Kò gùn tó. Mo bá wo àmùrè ìdí wọn. Aṣọ àdúrà ni, a kì í fi ṣe nǹkan mìíràn. N kò lè la ẹnu sọ ọ́. Bàbá Olùkọ́ rí ibi tí ojú mi wà. Ó jókòó síbi tó wà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yẹ̀, ó tú àmùrè tirẹ̀, ó nà án sí mi.

"Gbà," ó ní. "Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀."

Ìyá Ìjọ tú tirẹ̀ tẹ̀lé e, ni gbogbo wọn bá ń tú u. A so wọ́n pọ̀, aláwọ̀ búlúù mọ́ pupa, pupa mọ́ yẹ́lò. Ọkùnrin méjì di orí rẹ̀ mú lókè, mo di ìdí rẹ̀ mú nísàlẹ̀, àwọn ọmọ sì ń dì í mú sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí nílẹ̀, lójú ìlà koríko náà. Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Ìgbà náà ni mo rí i pé Bọ́sẹ̀ àti Mùínà kò sí nínú wọn.

Mo gbójú sókè, òjò ń gbá mi lójú. Wọ́n ti wà lẹ́bàá ihò omi tó jìnnà jù, lódì kejì, kí òjò tó dé. N kò lè fi okùn sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ ṣì kù mẹ́rin. Mo dúró níbẹ̀, mo ń di aṣọ àdúrà àwọn ẹlòmíràn mú fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn, mo ń pe orúkọ ọmọ tèmi nínú ikùn. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́rin náà ni mo rí wọn. Bọ́sẹ̀ ń fi ìdí bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ìlà koríko mìíràn tí èmi àti rẹ̀ nìkan mọ̀. Mùínà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń sọ fún un pé, "Má tẹ ibi tó ń dán. Má tẹ̀ ẹ́ ná. Ó yá, jókòó."

Àwọn ọkùnrin pọn Bàbá Olùkọ́ délé. Kò sí ẹlòmíràn tó fara pa.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ilé gàrí bí mo ti máa ń dé. Ìyá Mùínà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbé àpótí ìjókòó mi kúrò ní kọ̀rọ̀, ó gbé e sídìí agbada tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ní ọ̀sán, oníbàárà kan dé láti Ṣáṣá, ó ní kí Àgànyìn bá òun wọn gàrí.

"Ìyá Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀," ni Ìyá Mùínà sọ, láìgbójú sókè. "Má pè é bẹ́ẹ̀ níbí mọ́."

Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi, mo sì lọ sí ìgboro lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká fo ìkíni. Mo sọ ti òjò, ti àmùrè, ti Bọ́sẹ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Mú ọmọ náà wá kí n rí i."

Nígbà Kérésìmesì ni a lọ, èmi àti Bọ́sẹ̀. Ọkọ mi dúró ti ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ wú. Ìyá mi ti rù, ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n lówúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó mú ọ̀pá, ó ní ká gun òkè. Kò lè dé ṣóńṣó mọ́. A dúró níbi àkọ́kọ́ tó tẹ́jú, ó jókòó, ó ń mí gúlegúle. Gbogbo Ṣábẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa. Mo ń fi ọwọ́ júwe fún Bọ́sẹ̀: ilé tí wọ́n bí mi sí, ọjà, oko bàbá mi. Ó wò ó dáadáa, ó sì fi ọ̀wọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá mi.

"Màámá àgbà," ó ní, "apá ibo ni ilé wa wà?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ibí ni ilé wa. Mo wo ìyá mi, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tọrọ àforíjì.

Ìyá mi gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá èjìká Bọ́sẹ̀ mú, ó rọra yí i síhà ibi tí oòrùn ti ń yọ.

"Apá ibẹ̀ yẹn ni," ó ní. "Bí ẹ bá délé, ẹ bá mi kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ bá mi kí olùkọ́ yẹn pẹ̀lú, kí ẹ ní mo bi í léèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n fa òun dìde, kí oòrùn tó mú.